Ìpékeré kókò, ọ̀dùnkún àti ilá: bí ẹ ṣe lè dín in nílé kó gbẹ táútáú

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Tí ẹ bá dé ọjà Kàbà, Ìsánlú tàbí Ìyàrà lọ́dọ̀ wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí lásìkò tí oko ń jáde, ẹ máa rí kókò, ọ̀dùnkún, elégédé àti ilá ní òkìtì òkìtì nílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tà tán kó tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn ọmọ wa á máa fowó ra ìpékeré inú ọ̀rá tí wọ́n kó wá láti ìlú jíjìn. Ó máa ń dùn mí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan kọ́ ni Ọlọ́run dá fún ìpékeré, ẹni tó bá sì ti sá èlùbọ́ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ fi èyí sọ́kàn: omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìpékeré. Tí ẹ bá wọn ọ̀dùnkún tútù 100 gíráàmù, bíi 77 nínú rẹ̀ ni omi. Ti kókò tó bíi 70, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n tó bíi 65, ti kárọ́ọ̀tì tó bíi 88, ti ilá tó bíi 90, ti elégédé sì lè ju ìyẹn lọ. Ìpékeré tó gbẹ dáadáa kì í sábà ní omi tó ju 2 tàbí 3 lọ nínú 100. Gbogbo omi yòókù ni ẹ gbọ́dọ̀ lé jáde láìjẹ́ kí nǹkan yín jóná, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí kò ní padà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ilá kún agbọ̀n fi lè di abọ́ ìpékeré kékeré kan péré.

Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn tó ń dín in tà ń ju ọ̀rá sínú òróró gbígbóná kó lè máa ró lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ọ̀rá kò lè ṣe ohun kan níbẹ̀ ju kó ba oúnjẹ jẹ́ lọ. Tí omi bá ti jáde tán, ìpékeré á ró fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa mú bọ̀ láti oko tàbí ọjà

Ọ̀dùnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ni kí ẹ lò. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ á ti máa di ṣúgà. Ó dùn tí a bá sè é, àmọ́ ṣúgà yẹn náà ló máa ń mú kó dúdú nínú òróró nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì kó o sínú fíríìjì. Èyí tí inú rẹ̀ funfun sábà máa ń gbẹ ju èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn lọ. Èyí tó pọ́n náà ní àǹfààní tirẹ̀, torí ohun tó fún un ní àwọ̀ yẹn ni ara wa ń sọ di fítámì A. Tó bá jẹ́ pé òun lẹ ní, ẹ lò ó, ẹ ṣáà dín iná kù.

Kókò gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́, kó má ní ibi tó rọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú, èyí tí èèpo rẹ̀ kò tíì ní àmì ìpọ́n kankan. Ní ti ilá, ẹ fi àtàǹpàkò ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá ṣẹ́ pẹ́, ọmọdé ni. Tó bá kàn tẹ̀ lásán, ó ti gbó, igi inú rẹ̀ á sì dààmú yín lẹ́nu. Àwọn ìyá tó ń ta ilá máa ń bínú sí ẹni tó bá ń ṣẹ́ ẹ káàkiri, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gẹ́ níbí, torí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì lè máa ṣe ẹnì kan bíi kó dán an wò. Ẹ má rẹ́ ẹ̀gẹ́ kíkorò ní tútù kí ẹ jù ú sínú òróró o. Oró wà nínú rẹ̀. Òun ni a fi ń rin ín, tí a ń fún un, tí a ń rẹ ẹ́ sómi kó tó di gàrí tàbí fùfú. Dídín lásán kò lè lé oró yẹn jáde tó.

Rírẹ́ rẹ̀

Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mílímítà 1 sí 2 ló yẹ kó nípọn mọ. Ẹni tí kò ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n lè na ege kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó fi ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji ìka náà, ó ti tó. Tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan kan, ó ṣì nípọn jù.

Ọ̀bẹ mímú lè ṣe é. Pátákó tí wọ́n de abẹ mọ́, èyí tí àwọn oníìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lò, yára jù ú lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí gbogbo ege dọ́gba. Kí wọ́n dọ́gba ṣe pàtàkì ju kí wọ́n tín-ínrín lọ. Tí ege kan bá nípọn ju èkejì lọ, ọ̀kan á ti jóná kí omi inú èkejì tó tán, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ máa dá sí i nínú òróró. Tí ohun tí ẹ ń rẹ́ bá ti kù kékeré lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ tàbí kí ẹ sè é jẹ. Abẹ yẹn kò mọ ìka yàtọ̀ sí ọ̀dùnkún.

Fífọ̀ àti bíbọ̀

Bí ẹ ṣe ń rẹ́ ọ̀dùnkún, kókò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó máa bọ́ sínú omi tútù. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ máa pa omi náà dà títí tí kò fi ní funfun mọ́. Ohun funfun yẹn ni sítáàṣì tó jáde lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀, á lẹ àwọn ege pọ̀ nínú òróró, á sì yára pọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iyọ̀ wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi ṣíbí tíì kan sínú omi lítà kan. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ kí ẹ tó bó o, kí oje rẹ̀ má bàa dúdú mọ́ yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé omi kaná. Tó bá ti hó, ẹ da ege ọ̀dùnkún sí i fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ yára kó o jáde sínú omi tútù, kí ẹ sẹ́ ẹ. Èyí máa ń fọ díẹ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ kúrò, àwọ̀ rẹ̀ á sì dọ́gba tẹ́ ẹ bá dín in. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ti kókò yàtọ̀, mo máa yà á sọ́tọ̀ ní ìsàlẹ̀.

Sísá: ibi tí ọyẹ́ ti ń ràn wá lọ́wọ́

Ibí yìí ni mo rò pé àwa ará Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Kàbà ti ní àǹfààní tí ẹni tó ń gbé etí òkun kò ní. Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ fẹ́ wá máa ń gbẹ débi tí ètè ń là, tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ á ti gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Atẹ́gùn yẹn kan náà ló ń gbẹ èlùbọ́ tí àwọn ìyá wa ń tẹ́ sórí àpáta lẹ́yìn ìlú. Gbogbo omi tí afẹ́fẹ́ bá gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni òróró àti gáàsì tí ẹ ò ní ná. Àǹfààní kejì ni pé ege tó ti gbẹ díẹ̀ kì í mu òróró púpọ̀ bí èyí tó ṣì tútù.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí atẹ tàbí ẹní mímọ́, ní ẹyọ ẹyọ, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin àti eruku, torí ọyẹ́ tó ń gbẹ nǹkan náà ló ń gbé eruku bọ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ti tó nínú ọyẹ́. Ẹ wo etí rẹ̀: tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè díẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò tutù mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ń tẹ̀ láìṣẹ́, ẹ kó o wọlé. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ tó èlùbọ́. Èyí tó bá gbẹ tó bẹ́ẹ̀ máa ń le koko lẹ́yìn dídín, eyín ló máa jìyà rẹ̀.

Nígbà òjò, ẹ gbàgbé sísá. Ooru àti ọ̀rinrin á jẹ́ kó hu olú kó tó gbẹ. Ẹ nù ún dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ síwájú fáànù tí iná bá wà, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí ẹ sì dín in lọ́jọ́ náà.

Dídín

Ẹ lo ìkòkò tàbí agbada tó jinlẹ̀, kí òróró má kọjá ìdajì rẹ̀, torí ìfófòó àkọ́kọ́ máa ń ru sókè gan-an. Òróró ẹ̀pà dára. Òróró tí kò ní òórùn náà dára. Epo pupa lè dín in, ó kàn máa fi àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ fẹ́, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa rú èéfín.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò fẹ́ òróró tó gbóná tó bí ìwọ̀n 170 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti elégédé fẹ́ 150 sí 160 nítorí ṣúgà wọn. Àwa tí a kò ní ohun ìwọ̀n, ẹyọ kan la fi ń dán an wò. Ẹ ju ege kan sí i. Tó bá rì tó sì dákẹ́ sísàlẹ̀, kò tíì yá. Tó bá rì, tó hó yí ara rẹ̀ ká, tó sì léfòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti tó. Tó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, tàbí tí òróró ti ń rú èéfín, ó ti gbóná jù, ẹ gbé e kúrò lórí iná fún ìgbà díẹ̀. Lórí gáàsì, ọwọ́ yín ni iná wà. Lórí igi, ẹ máa fa igi jáde. Lórí èédú, ẹ máa yọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì fẹ́ ẹ.

Ẹ da ìwọ̀nba sí i, kó má ju ohun tó máa tẹ́ ojú òróró lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè yá, òróró á tutù lójijì, ìpékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró dípò kó máa tu omi jáde. Ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ fi ṣíbí oníhò tú wọn ká kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ẹ máa rò ó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó ṣe kọ́kọ́ wọlé, á pariwo ṣààà, òróró á kún fún ìfófòó ńlá. Ìfófòó yẹn ni omi tó ń sá jáde. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i, ìfófòó á máa kéré, ariwo á máa rẹlẹ̀, ege á sì máa fúyẹ́ lẹ́nu ṣíbí. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán, tó ku ìfófòó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí rẹ̀, ẹ kó o jáde. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà yẹn, ó ṣì lè dà bíi pé ó rọ̀ díẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn dá a padà. Bó bá ṣe ń tutù ló ń le, láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ẹ máa lè rún un wómúwómú. Ẹni tó bá dúró kó le nínú òróró máa kó èyí tó ti jóná.

Àwọ̀ góòlù ni ká máa lé, kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Kíkorò nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Sweden kéde pé oúnjẹ oní-sítáàṣì tí a bá fi ooru tó kọjá 120 dín tàbí yan máa ń ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acrylamide, èyí tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Bí nǹkan bá ṣe dúdú tó ló ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, èyí tó bá jóná, ẹ dà á nù, ẹ má fún ọmọdé jẹ pé kó má bàa ṣòfò.

Ẹ tẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá kó jáde sórí asẹ́ tàbí bébà tíṣù. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, torí yíǹkì rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹ má sì kó o jọ gègèrè nígbà tó ṣì gbóná, torí ooru tó ń jáde lára ti ìsàlẹ̀ á mú kí ti òkè rọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná: tí òróró bá gbiná, ẹ má bu omi sí i láé. Á bú jáde sókè, á sì jó gbogbo ilé ìdáná. Ẹ pa iná, ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e pa, kí ẹ má ṣí i títí tó fi máa tutù. Kí ọmọrí náà ti wà nítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

Kókò fẹ́ sùúrù

Èmi fẹ́ràn ìpékeré kókò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó máa ń fúyẹ́, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀ ni yíyún. Nǹkan wínníwínní tó mú ṣóńṣó wà nínú kókò, òun ló ń gún ọwọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ yín, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́. Ẹ bó o ní gbígbẹ, lẹ́yìn bíbó ni kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ sì ti rẹ ẹ́ sómi, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó oníyọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ da omi náà nù. Kó má rọ̀ débi tó máa fọ́ o. Ẹ nù ún, ẹ sá a, ẹ dín in.

Ẹ kọ́kọ́ dín ege méjì péré, kí ẹ tọ́ ọ wò nígbà tó bá tutù. Tó bá ṣì yún yín lọ́fun, ẹ padà bọ èyí tó kù fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Oríṣi kókò ò dọ́gba, ti oko kan lè yún ju ti oko kejì lọ.

Ilá àti àwọn yòókù

Ẹ má rẹ ilá sómi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gé e, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ní odidi, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ là á ní gígùn sí méjì tàbí mẹ́rin. Ẹ sá a nínú oòrùn fún ìdajì ọjọ́, títí yíyọ̀ rẹ̀ á fi gbẹ, àmọ́ kó má di òrúnlá. Ẹ dín in lórí iná wẹ́rẹ́, torí omi inú rẹ̀ pọ̀, kò fẹ́ ìkánjú. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ìlọ́po méjì àkókò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gbà. Ẹ yàgò díẹ̀, torí ọmọ inú rẹ̀ lè ta.

Elégédé àti kárọ́ọ̀tì: ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn rírẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, iyọ̀ á fa omi jáde. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún, kí ẹ dín in lórí iná kékeré.

Ẹni tó ní ófùn lè fi ṣíbí òróró kan pa nǹkan bí ìdajì kílò, kó tẹ́ ẹ ní ẹyọ ẹyọ, kó sì yan án ní ìwọ̀n Celsius 140 sí 150 fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, kó yí i padà láàárín. Òróró rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa yọjú wò ó ní ìparí, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín gbígbẹ àti jíjóná.

Iyọ̀, ata àti ìpamọ́

Bó bá ti jáde nínú òróró ni kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Iyọ̀ kíkúnná ló dára. Ata gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná dára, yájì sì bá kókò mu gan-an. Ata tútù àti àlùbọ́sà tútù kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, omi lẹ tún ń dá padà yẹn.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Agolo tó ní ìdérí tó le tàbí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí ẹ lò, ní ibi tí oòrùn kì í dé. Ọ̀dùnkún, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ilá àti elégédé, ẹ jẹ wọ́n tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá rọ̀ lásìkò òjò, ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù, á padà le. Tó bá ti ní òórùn òróró tó ti kan, kò sí àtúnṣe, ẹ dà á nù.

Ẹ sẹ́ òróró tó kù pẹ̀lú aṣọ, kí ẹ dé e pa. Ẹ lè tún un lò lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí méjì. Bó bá ti dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tó ń rú èéfín kíákíá, ó ti tán nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún àwọn èrò ọkọ̀ ní gáréèjì Kàbà tàbí ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà lè fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá rẹ̀ pa, kó sì kọ ọjọ́ tó dín in sí i lára. Tó bá ti fẹ́ kó o wọ ṣọ́ọ̀bù, kó lọ bá NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fún ìforúkọsílẹ̀ kó tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá. Kó tó dá iye lé e, kó wọn òróró kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá parí. Ìpékeré tí a dín nínú òróró lè fi òróró ṣe bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀, iye òróró tó lọ yẹn sì gbọ́dọ̀ wọ owó ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó gáàsì tàbí igi.